Ṣọ́ọ̀kì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tó Ń Kó Ẹyin àti Ẹja Yín?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Festac Town, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin àti gbogbo agbègbè wọn, oúnjẹ adìyẹ, omi ẹja àti kòkòrò ẹ̀fọ́ la sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́ ọkọ̀ la fẹ́ wọ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè pé kí ló kan òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì, kó kọ́kọ́ lọ ka iye ẹyin tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oko àti ọjà ní oṣù tó kọjá.

Ìyá kan tó ń sin adìyẹ ní apá Ìjẹ̀gún ló fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi lọ́gbọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo adìyẹ àwọn, pé èèpo ẹyin wọn ti fẹ́lẹ́ jù, bóyá kí àwọn fi ìkarahun lílọ̀ kún oúnjẹ wọn. Mo débẹ̀, mo mú ẹyin lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ le dáadáa. Mo wo ibi tí wọ́n ń kó ẹyin sí, ẹyọ kan kò fọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Mà, níbo gan-an ni wọ́n ti ń fọ́?" Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni, kó tó dé ọjà Agbójù.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Hilux àtijọ́ ni wọ́n fi ń kó ẹyin, èyí tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, torí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà wọn. Tẹ́lẹ̀, kíréètì kan tàbí méjì ló máa ń bàjẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ti kú. Wọ́n lọ sọ́jà, ẹni tó tà á fún wọn ní kí wọ́n ra èyí tó nípọn jù, pé ti jíìpù tó ń gun òkè ni, pé kò lè kú láéláé. Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, kíréètì márùn-ún ló ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin àádọ́jọ (150) nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń lọ ọjà lọ́sẹ̀. Ẹyin 300 lọ́sẹ̀ kan!

Adìyẹ ò jẹ̀bi. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ wọn, ohun tí a bá níbẹ̀, n ó sọ ọ́ fún yín níwájú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe.

Ta ló ń gbé ẹrù?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, yálà èyí tó ká bí ejò, tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn bó ṣe wà lábẹ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Tí táyà bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, sípíríǹgì á tẹ̀, á sì fẹ́ ta padà sókè. Bí kò bá sí ohun tó dá a lẹ́kun, á máa ta, á máa rọ̀, bí ọmọdé tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ mú sìríǹjì tí ẹ fi ń gún adìyẹ lábẹ́rẹ́. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fa omi sí i, kí ẹ tì í. Wéré ni omi á jáde. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí i, kí ẹ tún tì í: ó ti di iṣẹ́ agbára. Bí ẹ bá rọra tì í, ó ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkánjú tì í, ó le koko. Bí inú ṣọ́ọ̀kì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, písítìnì ń fi tipátipá ti ọ́ìlì náà gba ihò kéékèèké kọjá. Agbára tí sípíríǹgì ì bá fi máa fò á di ooru, ooru náà á gba ara irin ṣọ́ọ̀kì bọ́ síta.

Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀kì tó kú fi léwu ju ẹyin fífọ́ lọ. Táyà tó ń fò kúrò nílẹ̀ kò lè mú bíréèkì. Ẹ rò ó wò: ẹ wà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry, ẹrù kún ẹ̀yìn, dánfó kan já wọ iwájú yín ní Mile 2. Ẹ tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ gbé sókè, ọkọ̀ ò sì tètè dúró. Tí ẹ bá sì gé kọ́nà, á máa yí bí ọ̀mùtí. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ fi ń gbé ọmọ ẹja àrọ̀ tún máa ń dá kún un. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan wọn kìlò 25, ogún kẹ́ẹ̀gì jẹ́ kìlò 500, omi inú wọn kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ ẹja tí wọ́n bá mì títí dé oko lè má kú lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni yóò léfòó, àgbẹ̀ á sì máa bú ẹni tó tà á fún un.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù náà ń bani lẹ́rù jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo kì í fẹ́ gbà kí sípíríǹgì tẹ̀ tàbí kó padà ní wàràwàrà. Tí ẹrù bá fúyẹ́, gbogbo òkúta tí táyà bá gùn, ẹrù ló ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹyin kan tó dára wọn nǹkan bí gíráàmù 60. Kíréètì kan ẹlẹ́yin 30, pẹ̀lú páálí rẹ̀, kò ju kìlò méjì lọ. Ọgọ́rùn-ún kíréètì, kìlò 200 péré nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, àpò oúnjẹ adìyẹ 40 tó jẹ́ kìlò 25 ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko. Ọkọ̀ tó ń kó ẹyin àti ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ adìyẹ lè jẹ́ Hilux kan náà, ọdún kan náà, ṣọ́ọ̀kì kan náà kò yẹ wọ́n. Ọlọ́jà kì í bèèrè ohun tí ẹ ń kó. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ wò. Bí eruku bá kàn lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú òróró díẹ̀, ìyẹn ò burú. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn wálẹ̀, tó rin ìdajì ara rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ọ̀pá dídán rẹ̀ bóyá ó tẹ̀ tàbí ó dípẹtà. Ẹ fi ọwọ́ pa ojú táyà láti òkè dé ìsàlẹ̀: bí ó bá ṣe kòtò-gegele, táyà ti ń fò nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ kékeré mọ ìdánwò àtijọ́ yẹn: ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ó dára fún káà, ó dára fún iwájú jíìpù. Ẹ má gbára lé e fún ìdí píkọ́ọ̀pù o. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ le, àwọn irin rẹ̀ sì ń fi ara ha ara wọn, nítorí náà ọkọ̀ lè má fò rárá kí ṣọ́ọ̀kì sì ti kú tipẹ́. Èyí tó dájú ni pé kí mẹkáníìkì tú ìdí rẹ̀ kan kúrò, kó fi ọwọ́ fà á, kó tì í. Bí ó bá ń lọ gbọ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láìní agbára, tàbí tó ní ibì kan tí ọwọ́ kàn bọ́ lófo, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Kí ẹ tó dìde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wo sípíríǹgì. Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyá Ìjẹ̀gún wà. Nígbà tí a fọ ẹrẹ̀ kúrò, irin pẹlẹbẹ kan ti ṣẹ́ lápá ọ̀tún. Rọ́bà búṣì tó di sípíríǹgì náà mú ti jẹ tán, irin ń gbá irin. Tí a bá ní kí awakọ̀ gun òkúta kékeré, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún "gbà!" Táyà ń kọ́? Fọkanáísà ti fẹ́ ẹ le bí igi, torí awakọ̀ sọ pé kí ó má bàa jìn tí ó bá kó àpò oúnjẹ. Ọjọ́ tó ń kó ẹyin, kò sẹ́ni tó jò ó sílẹ̀. Ẹ wá wò ó: sípíríǹgì ṣẹ́, búṣì lọ, táyà le, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì tó le jù kún un. Ṣọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ yẹn lè ti kú lóòótọ́, n kò bá mẹkáníìkì jiyàn. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń fọ́ ẹyin.

Wíwọ̀n rẹ̀

Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ tú ògbólógbòó kan, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra ọjà. Hilux pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń fà àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò rí bákan náà, ọdún tó jáde sì ń yí i padà. Ẹ fi ògbólógbòó àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wo gígùn wọn tí a bá fà wọ́n tán, gígùn wọn tí a bá tì wọ́n tán, àti ẹnu ibi tí bóòtì ń gbà: ṣé ojú ihò ni tàbí ọ̀pá tó ní nọ́ọ̀tì? Bí bóòtì bá mì nínú ihò, kì í ṣe ti ọkọ̀ yín.

Bí ẹ bá ti fi irin kún sípíríǹgì kí ìdí ọkọ̀ lè ga, gígùn àtijọ́ lè má tó mọ́. Ẹ tú ṣọ́ọ̀kì náà, ẹ gbé ṣaasí sókè títí táyà yóò fi rọ̀ wálẹ̀ tán, kí ẹ wọn àárín ibi tí bóòtì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń gbà. Ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi tí ìdí ọkọ̀ ti máa kan rọ́bà tó ń dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká ní ti rírọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, ti kíkàn jẹ́ 36. Ṣọ́ọ̀kì tó yẹ ni èyí tó lè nà ju 58 lọ díẹ̀, tó sì lè wọlé kọjá 36. Bí kò bá lè nà tó, òun ni gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa so rọ̀ lé lórí, á já. Bí kò bá lè wọlé tó, inú rẹ̀ ni ọkọ̀ máa gbá nínú gálọ́ọ̀pù, á fọ́. Tí ọkọ̀ bá dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ọ̀pá rẹ̀ wà ní nǹkan bí àárín, kó ní àyè lókè, kó ní àyè nísàlẹ̀.

Nínú ọjà

Àwa ará ìhín ò rìn jìnnà. Ọjà ASPAMDA wà nínú Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ibi tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti 1977, ọdún kan náà tí ilé Festac gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà aláwọ̀dúdú. Àwọn mìíràn fẹ́ràn Ládípọ̀ ní Mushin. Níbi yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ ó gbọ́: tuntun, Bẹ́ljíọ̀mù, àti "original".

Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun dé, èmi fúnra mi máa ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n rà á tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí gíàbọ́ọ̀sì. Ti ṣọ́ọ̀kì, rárá o. Rọ́bà tó dí ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀ ń gbó, ọ̀pá ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀. Owó tí ẹ bá dín nídìí rẹ̀, ẹ ó tún un ná kí ọdún tó yí po.

Ní ti "original", páálí kò sọ nǹkan kan. Ẹ ó rí KYB ti Japan, ẹ ó rí Monroe ti Amẹ́ríkà, ayédèrú páálí wọn sì ń rìn kiri. Ẹ yọ ọjà náà síta. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin bá ti ara páálí mu. Kí ọ̀pá rẹ̀ máa dán láìní ìpẹtà tàbí ìhà kankan, kí ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ mọ́ra tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró ṣánṣán bó ṣe máa wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó lè mí díẹ̀, torí pé wọ́n fi lélẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ sì ti bọ́ síbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí agbára rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn le láti fà ju láti tì lọ. Ẹ má rò pé ó bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ọlọ́jà bá ní kí ẹ má dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ọlọ́ìlì tàbí onígáàsì? Méjèèjì ló ní ọ́ìlì. Onígáàsì wulẹ̀ ní náítírójìn nínú tó ń tẹ ọ́ìlì mọ́lẹ̀ kó má bàa yọ fóòmù. Tí ọkọ̀ bá sáré pẹ́ lórí ilẹ̀ pupa tó ṣe wìrìwìrì, ọ́ìlì á gbóná, á hó bí ọṣẹ, ṣọ́ọ̀kì á sì di aláìlágbára fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí oko apá Badagry tàbí Ẹ̀pẹ́ déédéé, kó ra onígáàsì, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Ìjẹ̀gún sí Agbójù, tó ń rọra wọ gálọ́ọ̀pù kan jáde bọ́ sí òmíràn, ọlọ́ìlì gidi tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu á tó o. Àwọn olówó ńlá tó ní agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí a ń fi ọwọ́ yí, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi jíìpù ṣeré nínú yanrìn.

Méjì-méjì ni kí ẹ máa rà á, méjèèjì iwájú tàbí méjèèjì ẹ̀yìn. Ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ògbó, ọkọ̀ á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Dídè é

Ti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kò le, mẹkáníìkì àdúgbò á ṣe é. Iwájú Peugeot 504 àti iwájú Hilux tó jáde láti 2005 síwájú yàtọ̀, torí sípíríǹgì ló yí ṣọ́ọ̀kì ká. Sípíríǹgì tí a tẹ̀ mọ́ra yẹn lè pa ènìyàn tó bá ta yọ. Ẹni tó ní irin tí wọ́n fi ń dì í mú ni kó tú u. Ẹ má gbà kí ọmọ iṣẹ́ fi okùn tàbí wáyà so ó. Jáàkì nìkan kò sì tó láti wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi igi tó nípọn tàbí irin gbé ṣaasí ró.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páláyà di ọ̀pá dídán yẹn mú. Ìhà kékeré kan lára rẹ̀ á máa gé rọ́bà inú títí ọ́ìlì á fi jò. Bóòtì tó gba inú rọ́bà búṣì kọjá, kí wọ́n má dè é pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ lókè. Ẹ jẹ́ kí táyà gbé ọkọ̀ ná, kí wọ́n tó dè é pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á ti lọ́ lọ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi sípánà kàn án.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ yín rèé: ẹ má da ọ́ìlì inú ògbólógbòó sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí adágún. Mo mọ̀ pé àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń fẹ́ irin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ onígáàsì, kí ẹnikẹ́ni má fi iná jó o, gáàsì inú rẹ̀ á bú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀nà burúkú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ dúró, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí méjèèjì lọ́wọ́ọ́wọ́ dọ́gba. Èyí tó bá tutù kò ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà.

Ìyá Ìjẹ̀gún ra irin pẹlẹbẹ kan, búṣì tuntun, àti ṣọ́ọ̀kì lásán tó bá ọkọ̀ wọn mu. Awakọ̀ ń jo táyà rẹ̀ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ọjọ́ ẹyin. Nígbà tí mo kọjá lọ́hùn-ún gbẹ̀yìn, wọ́n ní ẹyin mélòó kan ṣì ń fọ́ tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ṣùgbọ́n kì í pé kíréètì kan. Àwọn ṣọ́ọ̀kì nípọnnípọn yẹn wà lábẹ́ ọkọ̀ àbúrò wọn báyìí. Bíríkì ló ń kó, ó ní wọ́n dára púpọ̀.